Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Méjì ní Báńkọ́ọ̀kì

Ìyá mi ló kọ́ mi ní ìfura, ó sì kọ́ mi yé. Nílé wa ní Òmù-Àrán, kò sí ohun tí kì í yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń yẹ omi tí a bá pọn wò, ó ń yẹ àlejò tó bá pẹ́ jù nídìí ìkòkò wò, kódà bí ẹnìkan bá gbàdúrà tó gùn jù fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì, á máa ronú ohun tí aládùúrà náà ń wá. "Ìfura loògùn àgbà," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. Èmi ò tíì dàgbà tí mo ti mu oògùn náà yó.

Àsìkò tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn kiri ilẹ̀ wa ni mo ń sọ. Àwọn ọ̀dọ́ ti fi ọkọ́ sílẹ̀, wọ́n ti gba ìlú ńlá lọ, ìrẹsì òkèèrè sì ni gbogbo ilé ń sè lọ́jọ́ Ìsinmi. Ọkọ̀ ojú omi tí mo ń bá ṣiṣẹ́ wà lára àwọn tó ń lọ kó ìrẹsì náà wá. Iṣẹ́ tèmi níbẹ̀ kò ju pé kí n máa fọ dẹ́ẹ̀kì, kí n máa kùn ún lọ́dà, kí n sì máa fa okùn nígbà tí a bá fẹ́ gúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá wálé, tí mo bá wọ ṣòkòtò ẹlẹ́nu gbàgàdà mi, wọ́n á máa kí mi bí ẹni tó ni ọkọ̀ náà. Èmi náà kì í já wọn kúrò nínú àṣìṣe wọn.

Ohun kan ṣoṣo ló ń bà mí nínú jẹ́ nígbà yẹn. Ìyàwó mi ti lóyún lẹ́ẹ̀mẹta, a ò sì lọ́mọ kankan. Ọ̀kan wálẹ̀ ní oṣù kẹta, ọ̀kan wálẹ̀ ní oṣù karùn-ún. Ẹ̀kẹta, a bí i, a sọ ọ́ lórúkọ, ọ̀la ìsọmọlórúkọ ló padà lẹ́yìn wa. Nígbà tí ọkọ̀ wa fẹ́ kúrò ní Àpápá lọ sí ìhà Éṣíà, oyún kẹrin ti wọ oṣù keje. Mo mú ìyàwó mi lọ sí Òmù, mo fi í sọ́dọ̀ ìyá mi, nítorí pé bí ikú bá fẹ́ wọ ilé yẹn, ìyá mi á kọ́kọ́ bi í léèrè ibi tó ti ń bọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ padà sí Èkó, ìyá mi pè mí sí ẹ̀yìnkùlé.

"Oyún yìí, ìwọ àti ìyàwó rẹ lẹ jọ rù ú," ó ní. "Bí òun bá jẹ ohun tí kò yẹ, ọmọ ló jẹ ẹ́. Bí ìwọ náà bá jẹ ohun tí kò yẹ, ọmọ ló jẹ ẹ́. Má gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹni tí a ò mọ ilé bàbá rẹ̀, títí o ó fi gbọ́ pé ó ti sọ̀."

"Inú ọkọ̀ wá ńkọ́? Ta ni mo mọ ilé bàbá rẹ̀ nínú ọkọ̀?"

"Inú ọkọ̀, ìkòkò kan náà ni gbogbo yín ń jẹ. Ẹni tó bá fi nǹkan sí i, òun náà á jẹ níbẹ̀. Ìlú onílùú ni mo ní kí o ṣọ́ra fún."

Mo ṣèlérí fún un. Mo sì mú ìlérí náà ṣẹ ní gbogbo èbúté tí a kàn lọ́nà. Bí a bá sọ̀kalẹ̀, bísíkíìtì inú ọkọ̀ ni mo ń kó sápò.

Ọjọ́ kejì tí a dé Báńkọ́ọ̀kì ní ilẹ̀ Táílándì, wọ́n ṣì ń to àpò ìrẹsì sínú ikùn ọkọ̀, ni wọ́n bá yọ̀ǹda fún àwa mélòó kan pé kí a sọ̀kalẹ̀, kí a sì padà kó tó di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Mo pín owó mi sí ọ̀nà mẹ́ta: díẹ̀ nínú ìbọ̀sẹ̀, díẹ̀ ní àpò àyà, díẹ̀ lábẹ́ fìlà. Ìkánjú àtisọ̀kalẹ̀ ló mú mi gbàgbé bísíkíìtì.

Ẹni tí a jọ sọ̀kalẹ̀ jẹ́ ará Ìlọrin, ó fi ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, nídìí ẹ́ńjìnnì ló ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ń pè é ní ẹ̀gbọ́n, òun ń pè mí ní ọmọ Òmù. Ó ti bá ọkọ̀ mìíràn dé ìlú náà rí, ó mọ gbogbo kọ̀rọ̀ ibẹ̀, àwọn kan tilẹ̀ ń kí i lẹ́nu ọ̀nà èbúté. Ẹlòmíràn á ní òun rí afinimọ̀nà. Èmi ń bi ara mi léèrè ohun tó fi ń di ojúlùmọ̀ ìlú tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ká má parọ́, ìlú náà ń dán. Òrùlé ilé ìsìn wọn ń kọ mànà bíi pé wọ́n fi wúrà bò ó. Odò gba àárín ìgboro kọjá, wọ́n ń tajà nínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n lórí rẹ̀. Ooru ibẹ̀, ooru ilé wa ni. Máńgòrò wọn, máńgòrò ilé wa ni. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ní ẹ́ńjìnnì, irú èyí tó wá gbòde lọ́dọ̀ wa nígbẹ̀yìn, ń pariwo gba àárín mọ́tò kọjá. Mo rí àwọn ọkùnrin afárí kodoro tí wọ́n ró aṣọ olómi ọsàn, wọn ò wọ bàtà, wọ́n gbé abọ́ dání, àwọn obìnrin sì ń kúnlẹ̀ bu oúnjẹ sí abọ́ wọn.

"Ẹ̀gbọ́n, alágbe ni wọ́n?"

"Àlùfáà wọn ni. Sàdáákà ni wọ́n ń ṣe fún wọn."

"Kí ló dé tó jẹ́ ẹni tó ń fúnni ló ń kúnlẹ̀?"

"Béèrè lọ́wọ́ wọn," ẹ̀gbọ́n ní, ó ń bá tirẹ̀ lọ.

Ohun tó tilẹ̀ ń bí mi nínú jù ni ẹ̀rín wọn. Kò sí ẹni tí a pàdé tí kò rẹ́rìn-ín sí wa. Ọlọ́pàá rẹ́rìn-ín, oníkẹ̀kẹ́ rẹ́rìn-ín, ìyá arúgbó tí mo ṣèèṣì tẹ̀ lẹ́sẹ̀ náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n á pa àtẹ́wọ́ méjèèjì pọ̀ síwájú àyà, wọ́n á tẹrí ba, bíi pé èmi ni wọ́n ń gbàdúrà sí. Nílé wa, ẹni tí a ò mọ̀ tó bá ń kí ni tó báyìí, ẹ̀mí ẹni tàbí ilẹ̀ ẹni ló ń wá. Mo di àpò àyà mi mú.

Ọjà ni a ní kí oníkẹ̀kẹ́ gbé wa lọ, ṣọ́ọ̀bù aṣọ kan ló já wa sí. Mo wo ẹ̀gbọ́n lójú, ẹ̀gbọ́n wo òkè. Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù jáde, ó rẹ́rìn-ín, ó sì hàn pé ó mọ ẹ̀gbọ́n. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ẹ̀gbọ́n ti fi ọwọ́ ṣe àpèjúwe ikùn aboyún, ó tún nàka sí mi. Obìnrin náà wọlé, ó kó aṣọ ọmọ jòjòló jáde, funfun báláú, ó sì ń tẹ́ wọn lé mi lórí itan níkọ̀ọ̀kan.

A kì í ra aṣọ fún ọmọ tí a ò tíì bí. Ọmọ tiwa, tí mẹ́ta ti lọ ṣáájú rẹ̀, mi ò tilẹ̀ gbọdọ̀ dárúkọ ìbùsùn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní kó kó nǹkan wọ̀nyí kúrò lára mi."

"Rà á, ọmọ Òmù. Ọlọ́run ti gbọ́ àdúà. Ṣe bí ẹni tó nígbàgbọ́."

"Ta ló ní kí ẹ sọ fún un pé ìyàwó mi lóyún?"

"Àṣírí ni?"

"Èló ló ń fún yín lórí oníbàárà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá mú wá?"

Ẹ̀gbọ́n rọra ká àwọn aṣọ náà, ó fi wọ́n lé obìnrin náà lọ́wọ́, ó sì bẹ̀ ẹ́ ní ohùn jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi. "Wàláì, mo ti bí mẹ́fà, mo ti sin méjì," ó ní. "Ìdùnnú rẹ ni mo ń wá. Máa lọ, bí o bá ti wá ọ̀nà ọkọ̀ tì, béèrè." Ó bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ojú tì mí díẹ̀, ṣùgbọ́n mo sọ fún ara mi pé ẹni tí a bá ká mọ́ ló ń bínú báyẹn.

Báyìí ni mo ṣe di èmi nìkan nínú ìlú tí mi ò gbọ́ èdè rẹ̀. Mo rìn títí oòrùn fi kan àtàrí. Ebi wá gbé ìjà dé. Báńkọ́ọ̀kì sì ni ibi tó burú jù lọ tí ebi ti lè pa ènìyàn, nítorí oúnjẹ ni gbogbo ẹ̀bá títì. Wọ́n ń yan ẹran, wọ́n ń din ẹja, wọ́n ń se ọbẹ̀ tí ata rẹ̀ ń mú mi sín. Mo rí ìrẹ̀ díndín lórí àtẹ, ìrẹ̀ gidi, irú èyí tí a máa ń wú nínú ihò nígbà tí a wà léwe, itọ́ dà sí mi lẹ́nu. Mo súnmọ́ àtẹ. Obìnrin tó ń tà á rẹ́rìn-ín, ó mú ọ̀kan, ó nà án sí mi pé kí n tọ́ ọ wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀fẹ́ yẹn ló lé mi lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń tajà lọ́nà oko wa, kí ẹ lè mọ bí mo ṣe ṣìnà. Lójú ọ̀nà tó ti Òmù lọ sí Àrán-Ọ̀rin, àti èyí tó lọ sí Agbamu, ẹni tó bá ní ọsàn tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò sì ráyè jókòó tì í, á kó o sí ẹ̀bá ọ̀nà lórí ewé. Á to òkúta wẹ́wẹ́ síwájú rẹ̀ láti fi sọ iye rẹ̀, á gbé igbá kékeré tì í, á sì bá tirẹ̀ lọ sóko. Ẹni tó bá fẹ́ rà, á fi owó sínú igbá, á mú ọjà. Kò sẹ́ni tó ń jí i. Ìyá mi tí kò gba ẹ̀dá kankan gbọ́, ọjà ẹ̀bá ọ̀nà nìkan ni kì í yẹ̀ wò. Ó ní ẹni tí kò sí nídìí ọjà rẹ̀ kò lè rẹ́rìn-ín tàn ọ́.

Ní àdúgbò kan tó dákẹ́ díẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta okùn àti ìṣó, mo rí ilé kékeré kan lórí òpó. Ó ga tó àyà mi. Òrùlé rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, wọ́n kùn ún ní pupa àti àwọ̀ wúrà. Wọ́n to ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n dáadáa síwájú rẹ̀, pẹ̀lú nǹkan kan tí wọ́n fi ewé pọ́n bí ẹ̀kọ, àti ìgò míníràà pupa kan tí wọ́n ti ṣí, tí wọ́n ti ki ọ̀pá ìfamu bọ̀. Owó wẹ́wẹ́ mẹ́ta wà nínú àwo. Kò sí ẹnikẹ́ni nídìí rẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti òwúrọ̀. Mo ní, á à, àwọn wọ̀nyí náà mọ̀ ọ́n ṣe.

Mo rí igi tùràrí tó ń rú èéfín níbẹ̀ o. Mo ní ti ẹ̀fọn ni. Mo rí òdòdó tí wọ́n sín bí ìlẹ̀kẹ̀. Mo ní obìnrin ló ni àtẹ náà. Mo rí ère kékeré méjì, akọ àti abo, tí wọ́n jókòó sínú ilé náà. Mo ní ìṣeré ọmọdé ni, pé àwọn náà wà fún títà. Bẹ́ẹ̀ Ẹ̀sìẹ́ kò jìnnà sí wa, níbi tí ère olókùúta jókòó sí lọ́pọ̀ yanturu, kò sì sí ọmọ Ìgbómìnà tó gbọ́dọ̀ fi ojú ìṣeré wo ère tó jókòó. Ṣùgbọ́n ẹbọ tí mo mọ̀, inú àpáàdì ló ń wà, oríta ni wọ́n ń gbé e sí, epo pupa á sì dà sí i lórí. Ta ló ti rí ẹbọ tí wọ́n fún ní ọ̀pá ìfamu?

Mo ju owó sínú àwo, mo tilẹ̀ fi kún un kí wọ́n má baà sọ pé èmi ni mo kọ́kọ́ yàn wọ́n jẹ. Mo bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, mo jẹ ẹ́. Mo jẹ èkejì. Mo fa míníràà náà títí ìgò fi dún. Mo ń tú nǹkan inú ewé lọ́wọ́ nígbà tí mo gbójú sókè, tí mo rí ìyá arúgbó kan lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, òdòdó tuntun lọ́wọ́ rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín.

Kò pariwo náà. Ó kàn ń wò mí. Ẹnìkan dúró, ẹlòmíràn dúró, kò pẹ́ tí wọ́n fi tó mẹ́wàá. Mo nàka sí owó nínú àwo, mo fi hàn wọ́n pé mo ti san án. Obìnrin kan tó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì, tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, ló yọ sí àárín wa.

"Ìyá ní kì í ṣe ohun tí wọ́n ń tà," ó ní. "Ti ẹni tó ni ilẹ̀ ni."

"Níbo ni ẹni náà wà?"

Ó fi ọwọ́ méjèèjì tọ́ka sí ilé kékeré náà. "Ó ti wà níbí kí wọ́n tó kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ń gbé oúnjẹ fún un láràárọ̀ kó lè máa bá wọn ṣọ́ ilé."

N kò nílò kó túmọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá mi jẹ́ ọmọ ìjọ dáadáa, ìwé orin kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi ọkọ́ kan ilẹ̀ oko tuntun rí láì kọ́kọ́ bu oúnjẹ sílẹ̀ fún onílẹ̀. A kì í bá wọn jẹ níbẹ̀. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, ohun tó bá fẹ́ràn jù ni wọ́n ń gbà dípò. Ìyàwó mi ni mo rí, lórí ẹní nílé ìyá mi.

Ìyá arúgbó náà kó owó mi jáde nínú àwo, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó sì pa ìka mi dé. Ẹni tí kò bá gba owó ọ̀ràn, ọ̀ràn náà ló fẹ́. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù lọ, ó gbé ìgò míníràà mìíràn wá, ó tan tùràrí tuntun, ó kúnlẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ lu ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ pé kí n wá.

"Ó ní kí o wá kúnlẹ̀, kí o sọ pé o kò mọ̀," nọ́ọ̀sì ní. "Ó tán."

"Kí ni yóò ṣe sí mi?"

"Kò ní ṣe nǹkan kan. Gáfárà ni kí o tọrọ." Ó tẹ́tí sí ìyá náà, ó wá tún yíjú sí mi. "Ó ń béèrè bóyá o ní ìyàwó, bóyá o ní ọmọ. Ó fẹ́ fi wọ́n sínú àdúrà."

Ìyá arúgbó náà wá rẹ́rìn-ín wàyí. Lójú mi nígbà náà, ẹ̀rín ẹni tó fẹ́ gba nǹkan ni. Mo ní, ó ń wá orúkọ tó máa kọ sílẹ̀ fún onílẹ̀.

"Mi ò ní ìyàwó," mo wí. "Mi ò ní ọmọ."

Mo wí i níwájú ilé kékeré náà, mo sì wí i sókè kí ẹnikẹ́ni tó wà nínú rẹ̀ lè gbọ́. Lẹ́yìn náà ni mo sá. Kò sẹ́ni tó lé mi. Ibi tí ìyá náà kúnlẹ̀ sí ló wà nígbà tí mo wẹ̀yìn.

Aago mẹ́ta kò tíì lù nígbà tí mo dé ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti ṣáájú mi dé, ó ń ṣàlùwàlá lẹ́bàá ẹ́ńjìnnì. Pẹ̀lú gbogbo ohun tí mo ti sọ sí i láàárọ̀, òun náà ni mo lọ rò fún. Ó gbọ́ ọ tán, ó gbé kẹ́tùlù sílẹ̀.

"Ọjọ́ ṣì wà," ó ní. "Dìde, jẹ́ ká padà lọ. Mo mọ ibẹ̀, má jẹ́ ká pẹ́. Lọ kúnlẹ̀ fún ìyá náà."

"Ẹ̀yin mùsùlùmí, ẹ ní kí n lọ kúnlẹ̀ fún ère?"

"Ìyá ni mo ní kí o kúnlẹ̀ fún. N ò dárúkọ ère."

Mo wò ó. Mo tún rò ó wò pé ìdí wo ló fi mọ ibẹ̀. Mo sọ fún un pé ó rẹ̀ mí. Òun ní kò burú, ó padà sídìí ìrun rẹ̀, kò sì dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kẹta, ìrẹsì kún, a ṣíkọ̀.

Lẹ́tà ti ń dúró dè mí ní Àpápá. Ìyàwó mi ti bímọ, obìnrin ni, ara ìyá le, ara ọmọ náà le. Mo ka ọjọ́ ìbí rẹ̀, mo tún un kà: ọ̀sẹ̀ tí a wà ní Báńkọ́ọ̀kì gan-an ni. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́, mo sunkún níbi tí àwọn ènìyàn ti ń wò mí. Ṣùgbọ́n kí omijé náà tó gbẹ, ìfura ti wọlé. Àwọn mẹ́ta tí mo pè ní ọmọ mi kú. Èyí tí mo sẹ́ ló yè. Ta ló wá ni ín?

Mi ò sọ fún ìyàwó mi, mi ò sì sọ fún ìyá mi. Bí mo bá wálé, tí wọ́n bá gbé ọmọ náà fún mi, mo ń gbà á bí ẹni tó gba ohun tí olóhun yóò wá béèrè. Bí ibà bá mú un, mi ò lè dúró tì í. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ń lọ, kí n má baà wà níbẹ̀ nígbà tí olóhun náà bá dé. Ibà náà á lọ, ọmọ á dìde, á máa ṣeré, èmi á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í retí òmíràn. Ìyàwó mi rò pé nítorí ó jẹ́ obìnrin ni. Ó bá mi jà lórí ìyẹn, mo jẹ́ kó rò ó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni nǹkan le. Owó epo gbẹ, ìjọba ní kí a má ra ìrẹsì òkèèrè mọ́, wọ́n so ọkọ̀ wa mọ́ èbúté títí ó fi dógùn-ún, wọ́n sì ní kí àwa máa lọ ilé. Mo padà sí Òmù pẹ̀lú àpótí irin kan àti rédíò. Ọkọ́ tí mo fi sílẹ̀ ni mo padà gbé, ní oko bàbá mi lójú ọ̀nà Agbamu. Ìyàwó mi ń gbé gààrí lọ tà ní Ganmọ, nítorí náà ọmọbìnrin wa, tó ti di ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà yẹn, ló ń yan iṣu, tó sì ń gbé e wá bá mi lóko bó bá ti ilé ìwé dé.

Mo ní àṣà kan tí mi ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń kíyè sí. Bí ìyàwó mi bá fún mi lóúnjẹ, mo ń jẹ ẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọwọ́ ọmọ yìí ló ti wá, mi ò mọ bí mo ṣe ń ṣe é, mo máa ń tú u wò. Mo máa ń ya iṣu náà sí méjì, kí n wo inú rẹ̀, kí n gbóòórùn epo, kí n gé díẹ̀ jù sílẹ̀ kí n tó fi kan ẹnu. Òun á jókòó sórí ebè, á máa wò mí.

Ní ọdún yẹn, nígbà tí iṣu tuntun dé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé iṣu tó ń gbé wá kì í pé. Lójoojúmọ́, ẹnìkan á ti bù ú jẹ ní ìkángun. Kò pọ̀, kò ju òkèlè kan lọ, ṣùgbọ́n kò yẹ̀ lọ́jọ́ kan. Mo fura. Mo ní, ó ti dé, onílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín oúnjẹ pẹ̀lú mi láti ara ọmọ yìí, nígbà tó bá yó, á gbé e lọ. Oorun kò kùn mí mọ́. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó lè yanu bi í.

"Ta ló bù lára iṣu yìí?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ebi ń pa ọ́? Ìyá rẹ kì í fi tìrẹ sílẹ̀ ni?"

"Ó ń fi sílẹ̀. Mo ti jẹ tèmi, mo yó."

"Kí ló wá dé?"

Ó fi ìka ẹsẹ̀ wa ilẹ̀. Mo rò pé yóò sunkún, ṣùgbọ́n kò sunkún. Ohùn tó fi ń dá olùkọ́ lóhùn ló fi dá mi lóhùn.

"Ti ìyá mi, ẹ kì í tú u wò. Tèmi lẹ máa ń tú wò. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń kọ́kọ́ jẹ níbẹ̀ lójú ọ̀nà, kí n tó dé ọ̀dọ̀ yín. Kí ẹ lè rí i pé mi ò kú."